Ẹ Jẹ́ Kí Ọjọ́ Kan Wà Láàárín Òkun àti Ọkọ̀ Òfurufú

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí mo sì rí i pé ìpolówó ìrìnàjò afẹ́ sí àwọn erékùṣù ilẹ̀ olóoru ń pọ̀ sí i lórí fóònù wa níhìn-ín ní Ìbàdàn, tí àwọn tó ń tà á sì ti fi mímòòkùn sínú òkun kún ọjà wọn, mo rò pé kò yẹ kí n dákẹ́ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fi sìlíńdà atẹ́gùn mòòkùn lábẹ́ òkun kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó bá sì ta ìrìnàjò tó kó méjèèjì pọ̀ sí ọjọ́ kan, ewu ló tà fún oníbàárà rẹ̀, ìbáà mọ̀ ọ́n, ìbáà má mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì; ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama. Nígbà tí mo pé ẹni ọgọ́ta ọdún, ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ní òun fẹ́ fi ìrìnàjò kan yẹ́ mi sí, ó sì ní kí n mú ibi tó bá wù mí. N kò mú Dubai, n kò mú Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní Zanzibar ni mo fẹ́ lọ, àti pé abẹ́ omi ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ fojú rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Òkè-Àdó béèrè bóyá mo fẹ́ lọ bá Olókun ná ọjà ni. N kò bá a jiyàn, nítorí àwa tí a ti gbọ́njú ní Ìbàdàn nígbà Omíyalé, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980, a kì í fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ẹgbẹ́ náà ni kò mọ̀wẹ̀ títí di òní, nítorí pé láti ìgbà yẹn ni àwọn ìyá wa kò ti jẹ́ kí a sún mọ́ etí odò mọ́. Èmi náà, ẹni ọdún 59 ni mí kí n tó kọ́ ọ, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ hótẹ́ẹ̀lì kan ní Mọ́kọ́lá, láàárín àwọn ọmọdé tó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ilé iṣẹ́ tó bá wa ṣètò ìrìnàjò náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí láti ìgbà tí mo ti padà dé, mo ti rí ètò tó jọ tiwọn lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dára lójú. Ọjọ́ márùn-ún ni. Ọjọ́ kìíní, a ó gúnlẹ̀, ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹ̀kọ́ mímòòkùn, ọjọ́ karùn-ún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́, “òwúrọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú òkun, ọ̀sán, pápákọ̀ òfurufú.” Èmi tí mo ti kọ òfin Boyle, òfin tó sọ bí ìtẹ̀ ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, sójú pátákó ní ìgbà tí n kò lè kà, mo ka ìlà yẹn, mo sì kọjá lọ. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Erékùṣù ńlá tí à ń pè ní Zanzibar, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Unguja, wà nínú Òkun Íńdíà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Tanzania. Nungwi, abúlé kan tó wà ní àríwá rẹ̀, ni a dé sí, níbi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì ti ń fi ọwọ́ kan ọkọ̀ onígi létí omi. Ọkùnrin ará ibẹ̀ tó kọ́ mi, nígbà tó gbọ́ pé olùkọ́ ni mí, kò pe orúkọ mi mọ́. “Mwalimu” ló ń pè mí, èyí tí í ṣe olùkọ́ ní èdè Swahili, orúkọ tí gbogbo Tanzania fi ń pe Julius Nyerere, ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Orí mi wú.

Ìnira mi àkọ́kọ́ kì í ṣe omi, irun ni. Ṣùkú ni mo dì lọ láti ilé. Rọ́bà gíláàsì tí wọ́n dè mọ́ mi lójú kò rí ibi jókòó sí: bó bá gun ṣùkú, á yọ̀ sókè, bó bá bọ́ sísàlẹ̀, á máa fa etí mi. Irun wẹ́ẹ́rẹ́ iwájú orí mi sì há sábẹ́ gíláàsì náà, omi iyọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé sí mi lójú ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ mi tú gbogbo rẹ̀, ó sì di kọ́lẹ́sẹ̀ fún mi kí orí lè tẹ́. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ bá ń lọ, ẹ má ṣe di ṣùkú.

Lẹ́yìn irun ni ọ̀rọ̀ ọwọ́. Lábẹ́ omi, ẹnu kò wúlò fún nǹkan kan ju èémí lọ, nítorí náà ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá na àtàńpàkò sókè, ó ní nǹkan dára ni. Lọ́dọ̀ àwọn amòòkùn, “ẹ jẹ́ ká gòkè” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àlàáfíà ni òun wà, àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni yóò so pọ̀ bí òrùka. Ìgbà mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi ọwọ́ béèrè bí mo ṣe wà, ìgbà mẹ́ta ni mo na àtàńpàkò sí i tayọ̀tayọ̀, ìgbà mẹ́ta náà ló sì rọra gbé mi padà sójú omi, tó ń wò mí bóyá nǹkan ń ṣe mí.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ yé tán, ó kó wa lọ sí Mnemba, erékùṣù kékeré tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá Unguja, tí ìjọba dáàbò bo omi àyíká rẹ̀. N kò lè kọ ohun tí mo rí níbẹ̀ tán. Òkúta iyùn tò lọ bí ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òkúta lásán, ilé tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó wà láàyè ń fi ọdún gbọọrọ kọ́ ni. Iyùn tí àwọn ìyàwó wa ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìbátan wọn ni. Ìjàpá òkun kan ń jẹun lọ ní tirẹ̀, kò bìkítà fún wa ju bí ìyálọ́jà ṣe ń bìkítà fún ẹni tí kò ní rajà. Mo so okùn pupa kan mọ́ ọrùn ọwọ́ mi kí ọmọ mi lè dá mi mọ̀. Bí a ti ń lọ sísàlẹ̀ ni okùn náà ń ṣú. Nígbà tí a dé nǹkan bí mítà 15, ó ti dúdú bí ohun tí wọ́n rẹ sínú aró, nítorí pé pupa ni omi kọ́kọ́ ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ọkùnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì pọ́n padà lójú mi bí ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀, n kò ní ohun èlò kan tó dára tó okùn yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ni ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ mi ní Ìbàdàn: “Mwalimu, aago mélòó ni ọkọ̀ òfurufú yín ń gbéra?” Mo ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ó gba ìwé ètò náà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó fi bírò fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó sì dá ìwé náà padà fún mi. Kò sọ nǹkan mìíràn ju pé òun kò ní gbé wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Ìpín 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló jẹ́ náítírójìn, tí ara kì í fi ṣe nǹkan kan. Lórí ilẹ̀, bó ṣe ń wọlé ló ṣe ń jáde. Ṣùgbọ́n omi òkun wúwo, débi pé mítà 10 péré nínú rẹ̀ ń tẹ ara tó bí gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó wà ní mítà 10, ìtẹ̀ ìlọ́po méjì ló wà lára rẹ̀. Ẹni tó wà ní mítà 30, ìlọ́po mẹ́rin. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1943, tí à ń gbé ẹnu rẹ̀ há ẹnu, ni pé kí ó máa fúnni ní atẹ́gùn láti inú sìlíńdà ní ìwọ̀n ìtẹ̀ tó bá ibi tí a wà mu, kí àyà lè fẹ̀ kí a sì lè mí. Ohun tó dára ni. Àmọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń kì sí i bẹ́ẹ̀, náítírójìn púpọ̀ ń bá a wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ara, ó sì ń yọ́ síbẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ẹmu yóò mọ ìyókù. Ẹmu tí wọ́n rọ sínú ìgò, tí wọ́n dé pinpin, jẹ́ẹ́ ni yóò máa woni. Ẹni tó bá já ìdérí rẹ̀ lójijì, aṣọ rẹ̀ ni yóò mu ún. Ṣùgbọ́n bó bá rọra tú u, tó jẹ́ kí ó máa mí díẹ̀díẹ̀, yóò mu ẹmu rẹ̀ tán láìdà sílẹ̀. Ara amòòkùn ni ìgò yẹn. Bó bá rọra gòkè, tó sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó yọ orí, náítírójìn yóò máa bá èémí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá sáré, yóò hó nínú ara rẹ̀: oríkèé yóò máa ro ó, awọ ara lè máa yún un, bí ó bá sì kan mùdùnmúdùn ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ, ó lè sọ ọ́ di arọ, ó sì lè pa á. Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Òun ló kọlu àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ afárá Brooklyn ní New York, nínú àpótí ńlá tí wọ́n fún ní atẹ́gùn lábẹ́ odò, tó sì sọ Washington Roebling, ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ náà, di aláìlera ní ọdún 1872. Ní ọdún 1908 ni John Scott Haldane, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbé àtẹ kan jáde tó sọ bí amòòkùn ṣe gbọdọ̀ máa dúró díẹ̀díẹ̀ kí ó tó gòkè, ewúrẹ́ ló sì fi dán an wò. Àwọn ewúrẹ́ tó ń da ọ̀nà rú mọ́ wa lẹ́sẹ̀ ní Ọjà’ba kò mọ oore tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ṣe fún ọmọ aráyé.

Ẹ má sì rò pé ibi tó jìn gan-an nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Mítà 18 ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lè lọ dé. Cocoa House ní Dùgbẹ̀ ga ní mítà 105, nítorí náà mítà 18 kò tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Síbẹ̀, ó tó láti kó náítírójìn sí ara.

Bí a tilẹ̀ rọra gòkè bí ìgbín, kì í ṣe gbogbo náítírójìn náà ló ń jáde lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀ ń ṣẹ́kù sí ara fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Ẹni tó ti inú òkun bọ́ síbẹ̀ ti já ìdérí ìgò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Addis Ababa, níbi tí a ti pààrọ̀ ọkọ̀ padà sí Èkó, fúnra rẹ̀ wà lórí òkè tó ju mítà 2,300 lọ; ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ̀ràn Divers Alert Network, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn, ni pé ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó dúró fún wákàtí 12 ó kéré tán. Ẹni tó mòòkùn lọ́pọ̀ ìgbà tàbí fún ọjọ́ mélòó kan, wákàtí 18. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa ní kí ó pé wákàtí 24. Wákàtí mẹ́fà péré ni ìwé ètò tèmi fi sílẹ̀.

Nígbà tí a padà dé, mo lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣètò ìrìnàjò náà ní ọ́fíìsì wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé omi tútù fún mi. N kò lè sọ pé kò níwà. “Mọ́mì, ẹ má bínú,” ló wí, “ọ̀pọ̀ èèyàn la ti kó lọ, kò sí èyí tí nǹkan ṣe nínú wọn.” Ọ̀rọ̀ yìí náà ni mo ti gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ tó ń fi táyà tó ti dán sáré lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Ara èèyàn yàtọ̀ síra, náítírójìn kì í sì í hó nínú ara gbogbo ènìyàn. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí a lè fi ẹni tó yè bọ́ ṣe òṣùwọ̀n. Mo béèrè ẹni tó kọ ètò náà. Ó wá jẹ́wọ́ pé láti inú ètò mìíràn ni wọ́n ti dà á kọ, èyí tí wọ́n ti ń tà tẹ́lẹ̀ fún àwọn tó kàn ń fi gíláàsì ojú àti ọ̀pá èémí wo ẹja láti ojú omi. Àwọn yẹn lè wọ ọkọ̀ òfurufú nígbà tó bá wù wọ́n, nítorí pé afẹ́fẹ́ ojú omi ni wọ́n ń mí, kì í ṣe ti inú sìlíńdà ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí ọjà padà, wọn kò yí ìwé padà. Owó ẹ̀ẹ̀mejì tí n kò wọ òkun, wọn kò dá a padà, wọ́n ní èmi ni mo kọ̀ ọ́.

Kò sí ìdí kankan tí ọjọ́ ìkẹyìn yóò fi di ọjọ́ òfo. Èmi lo tèmi ní Stone Town, ìlú àtijọ́ tí UNESCO ti kà mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2000. Nínú ọjà ibẹ̀, mo na ọwọ́ sí kànáfùrù, ẹni tó ń tà á sì ní “karafuu” ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwa méjèèjì ti gba ọ̀rọ̀ náà, ó kù díẹ̀ kí a má wá ògbufọ̀. Ẹlòmíràn lè lọ wo ọ̀bọ pupa nínú igbó Jozani, irú èyí tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju Zanzibar lọ, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Changuu láti wo àwọn ìjàpá ràgàjì tí wọ́n kó wá láti Seychelles. Àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú ètò tí wọ́n fún wa, ọjọ́ kìíní ni wọ́n tò wọ́n sí, nígbà tí oorun ọkọ̀ òfurufú ṣì wà lójú wa. Kí wọ́n kàn gbé òkun ṣíwájú, kí wọ́n gbé ọjà sẹ́yìn. Kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé àwọn ìpolówó kan ń ṣèlérí ìwé ẹ̀rí ní ọjọ́ kan. Ìtọ́wò ni wọ́n ń tà ní ọjọ́ kan: olùkọ́ á mú ọ lọ́wọ́ dání, ẹ kò sì ní ju mítà 12 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí yóò lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò lúwẹ̀ẹ́ ní mítà 200 láìdúró, yóò sì léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdi nǹkan kan mú. Ìwé kan tún wà tó ń béèrè nípa ikọ́ fée, àìsàn ọkàn, etí dídùn àti oyún. Ní etí òkun ni wọ́n ti fún mi ní tèmi, lẹ́yìn tí owó ti wọlé. Ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe ìbá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó dé Nungwi kí ó tó mọ̀ pé kò yẹ kí òun ti kúrò nílé láìkọ́kọ́ rí dókítà.

Èmi àti ọmọ mi ti ń múra láti padà lọ ní ọdún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pè mí, ó ní àwọn ti tún ètò náà ṣe nítorí tèmi, ó sì fi í ránṣẹ́. Lóòótọ́, kò sí òkun mọ́ ní ọjọ́ ìkẹyìn. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, a ó jáde nínú omi ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ òfurufú sì ti di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Mo fi ìka kà á, wákàtí 16. Mo ti dá a padà fún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Bódìjà, Ìbàdàn.